Táǹkì Tí Kò Jò

Omi kì í dédé sọnù. Bí omi bá kúrò níbi tí a rọ ọ́ sí, ó jò ni, tàbí ooru gbẹ ẹ́, tàbí kí ẹnì kan bù ú. Láti ìgbà tí mi ò tíì hu irùngbọ̀n ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí omi ń gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣí ìdérí táǹkì omi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan láàárín omi ńlá, tí mo bá a ní gbígbẹ.

Kì í ṣe pé ó dín kù o. Ó gbẹ táútáú. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo fi ìka ra ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin gbígbóná nìkan ni mo kàn. Mo wo abẹ́ rẹ̀, mo wo ilẹ̀ ọkọ̀, mo wo gbogbo ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé, kò sí ẹ̀kán omi kan. Mi ò gbọ́ kí omi hó, mi ò rí èéfín. Èmi fúnra mi ni mo sì rọ omi kún un dé ẹnu ní èbúté.

"Ṣé ó ń jò ni?" Ìyá Ràmọ́tà bi mí láti iwájú ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn.

"Kò jò," ni mo wí. "Ẹ má bi mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Àgbàlagbà tó lè bí mi ni obìnrin tí mo ń kanra mọ́ yìí. Ràmọ́tà ni orúkọ tirẹ̀ gan-an. Òun ló ni ọkọ̀, òun ló sì ni ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ sọ mí di wèrè. Ìgbà tí ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba pè ní Sáàpù gbòde, tí ẹ́ńjìnnì tuntun di ohun tí a kàn ń fi ojú wò, ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kan ló sọ fún un pé Ògúnlànà lè mú kí ẹ̀rọ ìlọta máa fò. Èmi ni Ògúnlànà náà.

"Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ojú omi mi ń wọ́," ló wí. "Mo fẹ́ kó sáré."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó sáré tó, Ìyá?"

"Kó sáré ju ikú lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ó ń fi ọkọ̀ náà kó èrò àti ẹrù oko láti Abà Ayùnrẹ́ kọjá lórí omi ńlá kan tí wọ́n sé lápá Ìkòyí-Ilé, wá sí èbúté tí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé èrò. Lọ́dún tó ṣáájú, Raliat, àkọ́bí rẹ̀, bímọ sí abà náà, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ń fà tìkọ̀tìkọ̀, àárín omi ni wọ́n wà tí Raliat fi dákẹ́. Mùínàt, àbúrò rẹ̀, nìkan ni ọmọ tó wá kù fún ìyá náà láyé. Mùínàt náà ti lóyún báyìí, abà yẹn kan náà sì ni ọkọ rẹ̀ ti ń dáko. Afárá tó wà lọ́nà mọ́tò ti wó, ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá ṣe é. Ìyá yìí ti bẹ Mùínàt títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Mùínàt ní láéláé, òun ò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun kú sí, àfi tí wọ́n bá gbé òun sínú rẹ̀.

"Wọ́n á gbé e sínú rẹ̀," ni Ìyá Ràmọ́tà wí. "Ọkàn mi ń sọ fún mi. Tí wọ́n bá gbé e, kó tètè dé ni mo ń bẹ̀ ọ́ sí."

Mo gba iṣẹ́ náà. Mo wá tọ́bò kékeré kan. Ẹ má tíì máa ronú jìnnà o, kò sí ẹni tó kú sínú mọ́tò tí mo ti yọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni olówó rẹ̀ pa á tì sí, tí eku ń bímọ sínú rẹ̀. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, òun náà á wá máa fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, iná á jó dáadáa, agbára á pọ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára ṣe ń pọ̀ ni ooru ń pọ̀. Inú odò gan-an ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti máa ń fa omi tí yóò fi tu ara rẹ̀, omi ibẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀ àti koríko oko tí omi bò mọ́lẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dí.

Nítorí náà mo di ẹnu ibi tó ti ń fa omi odò pa. Mo rọ táǹkì kan, mo gbé e sí àárín ọkọ̀ gan-an kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sápá kan. Mo tẹ páìpù bàbà gígùn mọ́ abẹ́ ọkọ̀, mo fi họ́ọ̀sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi mímọ́ ló wà nínú rẹ̀. Pọ́ńpù á máa yí i kiri, odò á máa tù ú láti ìta, omi inú àti omi òde ò ní fojú kanra. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, inú mi ṣì ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi yẹn.

Nínú dúrọ́ọ̀mù omi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a gbé e dé orí omi, imú ọkọ̀ gbé sókè, Ìyá Ràmọ́tà di ìborùn rẹ̀ mú, ó ń pariwo "Alihamudulilahi!" Ọkọ̀ dé ọ̀gangan kùkùté àràbà kan tó yọrí lójú omi, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó gbóná, ó kú. Ìgbà yẹn ni mo ṣí táǹkì tí mo bá a ní gbígbẹ.

Mo padà lọ tú u palẹ̀. Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Mo wẹ́ẹ̀dì ojú táǹkì lákọ̀tun. Mo so ọkọ̀ mọ́ èbúté, mo tan ẹ́ńjìnnì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn mí látàrí, omi ò dín. A gbé e dé ọ̀gangan kùkùté, táǹkì gbẹ. Mo ní ó dáa, mo gba etí omi lọ sí abà, ọ̀nà tó jìn ju tàárín lọ dáadáa, omi ò dín. A gba àárín padà, ó tún gbẹ. Ibì kan náà ṣáá ni.

Háà, ìyà jẹ mí! Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìyàwó mi ní mo ń sọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì lójú oorun. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi sọ mí di ẹlẹ́yà: "Lànà, ṣé omi rẹ ti dé láti àjò?" Mo bọ Ògún, mo ta omi tútù sílẹ̀ níwájú irin, mo ní bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀, kó fi hàn mí. Ògún ò fi nǹkan kan hàn mí. Táǹkì ń gbẹ lọ ní tirẹ̀. Oyún Mùínàt náà ò sì dúró dè wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá, mo lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, mo ra aró, mo pò ó mọ́ omi inú táǹkì títí ó fi dúdú kirikiri. Bí omi bá gba ojú ihò tó kéré ju ihò abẹ́rẹ́ jáde, aró á tú àṣírí rẹ̀. Mo wá fi sípánà dé ìdérí táǹkì pinpin. Ọ̀sán gangan ni a gbéra, oòrùn mú, ewé ò mì létí omi. Ìyá Ràmọ́tà wà níwájú, èmi wà nídìí ẹ́ńjìnnì, táǹkì wà láàárín wa. Bí a ṣe kan kùkùté yẹn, ẹ́ńjìnnì wúkọ́.

Mi ò tíì dé ìdí táǹkì tí mo fi rí i pé ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Inú rẹ̀ gbẹ. Kò sí aró lára họ́ọ̀sì, kò sí lára páìpù, kò sí nílẹ̀ ọkọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí i, létí ẹnu táǹkì. Àmì ètè ni. Ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó máa ń wà lára ètè tó ti gbẹ, ó tẹ̀ mọ́ irin bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹnu lé etí igbá.

Mo ní ọwọ́ mi ni mo fi kàn án. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ mi mọ́.

"Ìyá," ni mo wí, "ẹ wá wo nǹkan."

Ó wá. Ó wò ó pẹ́. Ó na ìka sún mọ́ ọn, kò jẹ́ kó kàn án. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.

"Ibí ni mo tẹ́ ẹ sí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ibi tí o gbé táǹkì yìí sí gan-an."

"Ta ni?"

"Raliat."

Mi ò purọ́ fún yín, inú ló kọ́kọ́ bí mi kí ẹ̀rù tó bà mí. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì, tí mo ń dè é, tí mo ń pe ara mi ní dìndìnrìn! "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò sọ fún mi?" ni mo bi í.

"Omi ló ń tọrọ," ló wí. "Láti èbúté abà ló ti ń bẹ̀ mí. 'Ìyá mi, omi. Ìyá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí.' Kẹ́ẹ̀gì omi wà láàárín orúnkún mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fún un lómi. Wọ́n ní tó bá ti mu ún, ó parí nìyẹn. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìyẹn."

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Bí mọ́tò bá ní ìjàm̀bá lójú títì, ohun tí gbogbo èrò ń pariwo ni pé kí ẹnikẹ́ni má bu omi fún ẹni tó fara pa.

"Nígbà tó rí i pé mi ò ní fún òun, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó fi bu omi odò. Mo di ọwọ́ náà mú, Ògúnlànà. Omi yí wa ká, mo sì di ọwọ́ ọmọ mi mú títí ó fi rọ."

Kò sunkún. Èmi ni mo yí ojú sápá kan. Mo mú àjẹ̀, a wa ọkọ̀ kúrò ní ọ̀gangan kùkùté yẹn.

Ìyá Ràmọ́tà ṣe sàráà. Àwọn àlùfáà gbàdúrà fún òkú náà, wọ́n pín omi tútù fún àwọn tó wá. Ó gbé omi lọ dà sí ìdí kùkùté. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, a tún gbé ọkọ̀ jáde, táǹkì tún gbẹ. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọwọ́ mi ti mú sípánà ní èbúté láti tú tọ́bò náà kúrò, kí n dá ẹ́ńjìnnì padà bó ṣe wà, kí n sì máa lọ sílé mi, nígbà tí Saifudeen, ọkọ Mùínàt, fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré dé.

"Ìyá, Mùínàt ti bímọ," ló wí. "Ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ò dá."

Ní lílọ, a gba etí omi, kí ẹ́ńjìnnì má baà kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó sáré gan-an, àmọ́ ọ̀nà ọ̀hún jìn. Wọ́n gbé Mùínàt sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹní tó ti rin fún ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, torí kò sí àyè níbòmíràn. Mo wo ojú rẹ̀, ó ti funfun bí ẹ̀kọ. Mo mọ̀ pé kò lè fara da ọ̀nà etí omi.

"Ìyá, ṣé kí n gba àárín?"

"Gba àárín," ló wí.

Mo fún un níná. Tọ́bò ń hu, ọkọ̀ ń fo lórí omi, mo ń bẹ irin, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ ẹnikẹ́ni tó lè gbọ́. Kùkùté yọ lọ́ọ̀ọ́kán. A kàn án. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú.

Mo fi ike bu omi odò, mo rọ ọ́ sínú táǹkì. Mo gbọ́ ọ tó ń lọ, gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé omi mì. Kò kún. Mo tún bù ú, mo tún rọ ọ́. Kò kún. Ọ̀dà ara ẹ́ńjìnnì ti ń jó, ó ń rùn. Mo bú táǹkì náà, mo fi ìkúùkù lù ú, omijé ìbínú ń dà lójú mi. "Kí lo fẹ́ gan-an?" ni mo kígbe. "Kí lo fẹ́ ká ṣe?"

Nígbà náà la gbọ́ ohùn kan, jẹ́jẹ́. "Ìyá mi, omi."

Saifudeen fò dìde. "Ẹ má fún un o! Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà!"

Ìyá Ràmọ́tà wo àárín orúnkún rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi wà níbẹ̀, ó dì í mú pinpin. Èmi ń wo Mùínàt. Ojú rẹ̀ pa dé, ó deyín mọ́ra, ètè rẹ̀ ò mì.

"Ìyá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Apá kejì táǹkì ni ohùn náà ti wá, níbi tí ẹnì kankan ò jókòó sí.

Ìyá Ràmọ́tà gbọ́ ibi tó ti wá. Ó da omi sínú kọ́ọ̀pù, ó na apá kọjá lórí táǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń ta dànù. "Gbà, ọmọ mi," ló wí. Lójijì ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá bá ènìyàn di ìdí kọ́ọ̀pù mú. Mo rí omi inú rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀. Ó da òmíràn, ó tún na án. Saifudeen jókòó lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì fúyẹ́, ó yípadà sí Mùínàt, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó fi kọ́ọ̀pù sí i lẹ́nu.

"Ìyá, ẹ máa pa á!" Saifudeen kígbe.

"Àìfún ni mo fi pa ọ̀kan," ló wí. "Mu, Mùínàt." Mùínàt mu.

Mo bu omi odò sí táǹkì. Ó kún, ó dúró. Mo fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn, mi ò sì mọ bí a ṣe dé èbúté. Mọ́tò kan gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Leah lorúkọ rẹ̀, kò fi àkókò ṣòfò. Ó gún Mùínàt lábẹ́rẹ́, ó so ìgò omi kọ́, ó fi rọ́bà rẹ̀ sí i lápá. Dókítà wá, wọ́n fa aṣọ ìkélé yí ibùsùn ká. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà tún jáde sí wa, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dá, ó ní ó máa yè é. Saifudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bó ṣe dìde, ó ní, "Ọlọ́run ló yọ wá. Wọ́n fún un lómi mu lójú ọ̀nà o. Mo sọ fún wọn."

Ìyá Ràmọ́tà tẹrí ba bí ẹni tó ń retí ìgbátí.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ sì fún un lómi, kí ló burú níbẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Kí lẹ rò pé ó wà nínú ìgò tí mo so kọ́ yẹn? Omi àti iyọ̀ ni."

"Ṣé omi ò lè pa á?" ni ìyá náà béèrè. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá, omi kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó lọ ni. Kọ́ọ̀pù omi kan ò pa irú wọn rí."

Nọ́ọ̀sì padà wọlé tọ Mùínàt lọ. Ìyá Ràmọ́tà dúró sójú kan. Mo rò pé ó máa dúpẹ́, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó kàn bá ẹnu ọ̀nà jáde lọ sínú ọgbà, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ṣí i dé gbangba, ó sì jókòó tì í.

"Mu," ni mo gbọ́ tó ń wí. "Mu ún, ọmọ mi. Kò ní pa ọ́. Kì bá tí pa ọ́."

Bámgbóṣé tó ń ṣọ́ ẹnu géètì pariwo láti ibi tó jókòó sí: "Ìyá, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn o! Omi ò tó wa lò níbí!" Ó ti rẹ̀ mí, gbogbo ara ń ro mí, mi ò tún fẹ́ wàhálà kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ síbẹ̀ kí n lọ pa á.

"Má pa á," ló wí láìwo ojú mi. "Kò tíì mu tó."

Omi ń dà wàà láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan. Èèrà kan ń rìn kọjá nínú eruku, níbi tí omi náà ń dà sí.